Bí Ìsoríkọ́ Bá Wọ Ilé Onígbàgbọ́

“Ìgbàgbọ́ ẹ ò lágbára ni.” Ọ̀pọ̀ Kristẹni tó ní ìsoríkọ́ ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, nígbà míì látẹnu àwọn tó nífẹ̀ẹ́ wọn jù. Àmọ́ ẹ wo wòlíì Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba orí 19. Kò tíì pẹ́ tí iná já bọ́ láti ọ̀run sórí ẹbọ rẹ̀ ní Òkè Kámẹ́lì. Síbẹ̀, nígbà tí Jésíbẹ́lì ní òun máa pa á, ó sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kó gba ẹ̀mí òun. Ta ló máa sọ pé Èlíjà ò nígbàgbọ́?

Gbogbo wa la máa ń banú jẹ́. Ìsoríkọ́ le jùyẹn lọ. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú ẹnì kan ò dùn, tí ohun tó máa ń gbádùn ò wù ú mọ́, tí kò rí oorun sùn tàbí tó ń sùn ṣáá, tí oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí kò tó nǹkan, àìsàn ló ń ṣe é. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ò ní sọ pé inú àwọn bà jẹ́. Wọ́n á ní orí àwọn ń gbóná, tàbí pé ó dà bíi pé kòkòrò ń rìn nínú rẹ̀. Àwọn ará ilé á wá ra oògùn ibà, wọ́n á tún ra òmíì.

Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún Èlíjà yani lẹ́nu. Kò bá a wí. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní búrẹ́dì tí wọ́n yan lórí ẹyin iná àti omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì náà pa dà wá jí i pé kó tún jẹun, torí ìrìn àjò náà ju agbára rẹ̀ lọ. Títí dìgbà yẹn, kò sí ìwàásù kankan o! Torí náà, ẹ gbé ọbẹ̀ lọ fún aláìsàn náà kẹ́ ẹ tó ka ẹsẹ Bíbélì fún un. Tó bá jẹ́ ìyá ọmọ tuntun ni, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sùn.

Nígbà tó rin 40 ọjọ́ dé Òkè Hórébù, Ọlọ́run bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní òun nìkan ṣoṣo ló kù. Bí ìsoríkọ́ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Láwọn ọdún 1960, Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, kíyè sí i pé irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń ṣàdédé wọ ọkàn àwọn tó ń tọ́jú, wọ́n á sì gbà á gbọ́ láì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá ń kọ́ wọn láti béèrè pé: Ẹ̀rí wo ló wà? Ọlọ́run fún Èlíjà lẹ́rìí: 7,000 èèyàn ni kò tíì forí balẹ̀ fún Báálì. Ó tún fún un níṣẹ́ ṣe, ó sì fún un ní Èlíṣà tí wọ́n á jọ máa rìn.

Nígbà míì, ọ̀rọ̀ nìkan ò tó, ó máa gba oògùn. Oògùn ìsoríkọ́ máa ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ibi téèyàn ti máa ń ṣìnà ni ìgbà tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í yá, tí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá ní kó da oògùn nù kó lè fi hàn pé òun ti rí ìwòsàn. Ewu ńlá ni. Ẹ má dá a dúró láì bá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣáà ń gbàdúrà.

Ẹ má sì pa aláìsàn tì sílé ìwòsàn. Láti 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo ti ṣètò ní Àró, l'Ábẹ́òkúta, pé káwọn aláìsàn máa gbé láwọn abúlé tó wà nítòsí, kí mọ̀lẹ́bí sì wà pẹ̀lú wọn.

Tó bá ní òun fẹ́ kú, ẹ má pariwo lé e lórí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ bi í tààràtà bóyá ó ti ń ronú bó ṣe máa ṣe é. Ìbéèrè yẹn ò ní gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn kòkòrò àti oògùn míì kúrò nítòsí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.