Yétúndé Ojú Sánmà

Bàbá mi kì í fi "ìwọ" pè mí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀, Màámi." Oṣù méjì lẹ́yìn tí ìyá wọn kú ni wọ́n bí mi. Àwọn àgbà ilé yẹ ara mi wò, wọ́n rí àmì dúdú kan lẹ́yìn etí òsì mi, níbi tí ti Màmá wà gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí. Yétúndé ni. Bí mo bá ṣẹ̀, ìyá mi nìkan ló lè nà mí. Bàbá mi á jáde kúrò nílé títí ẹkún mi á fi rọlẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Benjamin Sisko nínú tẹlifíṣọ̀n, tó ń pe ọ̀dọ́mọbìnrin arẹwà kan ní "Bàbá Arúgbó", tí ọmọbìnrin náà sì ń dá a lóhùn bí ẹni tó ti ń jẹ́ orúkọ náà tipẹ́, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn á ní kí wọ́n túmọ̀ fún òun, èmi ti mọ̀ ọ́n láti ilé bàbá mi.

Star Trek: Deep Space Nine ni orúkọ eré náà. Ní 1993 ló bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ó sì parí ní 1999. Apá méje ló ní. Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Àbúrò mi tó ń gbé ní London ló kó gbogbo DVD rẹ̀ wá fún mi. Lálẹ́, bí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti lọ, tí mo bá ń ká etí aṣọ, mo máa ń tàn án. Àwọn kan ń wò ó nítorí ogun àti ọkọ̀ ojú òfúrufú. Ohun tí èmi ń wò ni ta ni ọ̀rẹ́ ta, ta ni ọmọ ta, kí sì ni ẹnìkan jẹ ẹnìkejì.

Inú ibùdó ńlá kan tó léfòó nínú òfúrufú ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, nítòsí ayé kan tí wọ́n ń pè ní Bajor. Àwọn Cardassia ti fi àwọn ará Bajor sìnrú fún nǹkan bí 50 ọdún kí wọ́n tó kó ẹrù wọn lọ. Sisko, tí Avery Brooks ṣe, ni wọ́n rán wá láti máa ṣàkóso ibùdó náà. Ogun ti pa ìyàwó rẹ̀, òun nìkan ló ń tọ́ Jake ọmọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń pè ní Bàbá Arúgbó yẹn ni Jadzia Dax. Ẹ̀yà Trill ni. Àwọn kan nínú ẹ̀yà yìí máa ń gbé ẹ̀dá kékeré kan sínú ikùn, tó rí bí ìgbín tí kò ní ìkarahun. Ẹ̀dá náà ń pẹ́ láyé ju ẹni tó gbé e lọ fíìfíì. Bí ẹni náà bá kú, wọn á yọ ẹ̀dá náà, wọn á gbé e sínú ẹlòmíràn, gbogbo ohun tí òkú mọ̀ àti gbogbo ohun tó rántí á sì bá a wọlé. Dax lorúkọ ẹ̀dá yìí, ó sì ti lé ní 300 ọdún. Kí ó tó kan Jadzia, inú Curzon ló wà: ọkùnrin àgbàlagbà, aṣojú ìjọba, aláfẹ́, ọ̀gá tó tọ́ Sisko sọ́nà nígbà èwe rẹ̀. Jadzia, tí Terry Farrell ṣe, ni ẹnì kẹjọ tó gbé Dax.

Sisko mọ̀ pé Curzon kọ́ ló dúró níwájú òun. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá le, ọ̀dọ̀ Dax ló máa ń lọ. Mo mọ ojú tó fi ń wò ó. Ojú tí bàbá mi fi ń wò mí nìyẹn bí mo bá ń jẹ ẹ̀kọ: wọ́n fẹ́ rí i bóyá màá ṣí ewé rẹ̀ bí Màmá ṣe máa ń ṣí i.

Ìfẹ́ rọrùn láti jogún. Gbèsè ńkọ́? Ní apá kìíní, abala kan wà tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní "Dax". Àwọn kan wá láti ayé mìíràn, wọ́n fẹ́ mú Jadzia lọ. Wọ́n ní ní 30 ọdún sẹ́yìn, Curzon fa ikú ọ̀gágun àwọn, kí Dax wá jẹ́jọ́. Obìnrin adájọ́ kan tó ti pé 100 ọdún jókòó láti gbọ́ ọ: ǹjẹ́ a lè fi ẹ̀ṣẹ̀ Curzon mú Jadzia? Gbogbo bí wọ́n ṣe ń rojọ́, Jadzia ò lanu. Ìyàwó ọ̀gágun náà ló padà wá sọ òótọ́: lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ òun ni Curzon sùn. Jadzia gbà kí wọ́n pa òun ju kí òun tú àṣírí òkú lọ.

Ní apá kejì, abala kan tún gbé e jinlẹ̀ sí i. Curzon ti bá àwọn jagunjagun Klingon mẹ́ta, Kor, Koloth àti Kang, mulẹ̀ pé àwọn á gbẹ̀san lára ẹni tó pa àkọ́bí wọn ọkùnrin. Dax ni wọ́n sọ ọmọ Kang, ní orúkọ Curzon. Kang fúnra rẹ̀ sọ fún Jadzia pé ìmùlẹ̀ náà kò dè é mọ́. Sisko bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Ó lọ. Kò sẹ́ni tó tì í; òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù náà.

Abala yìí ni mo wò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá sílé wa láti ọ̀nà jíjìn. Mi ò tíì rí wọn rí. Wọn ò wá síbi ìsìnkú Màmá, ìjà sì wà láàárín àwọn méjèèjì tí ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà, àtẹ wà lórí itan mi. Àǹtí sọ̀kalẹ̀ látinú mọ́tò, wọ́n wọ àgbàlá, wọ́n wo ẹ̀yìn etí mi, wọ́n sì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì níwájú mi. Wọ́n ní, "Ìyá mi, ẹ forí jì mí."

Mo wo bàbá mi. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ̀wà kan bọ́ lọ́wọ́ mi, mo gbọ́ ìró rẹ̀. Mo ní, "Mo ti forí jì yín, ọmọ mi."

Àǹtí sunkún, wọ́n jẹun, wọ́n sun oorun tí wọ́n ní àwọn ò sun irú rẹ̀ rí láti ọdún pípẹ́. Èmi ò sùn. Mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀. Ó pẹ́ lọ́kàn mi pé mo purọ́ fún àgbàlagbà. Ìgbà tí mo rí Jadzia tó ń bá àwọn arúgbó mẹ́ta yẹn lọ sójú ìjà ni ọkàn mi tó balẹ̀. Ọ̀rọ̀ Màmá kì í ṣe gbèsè tèmi, ṣùgbọ́n mo láṣẹ láti gbé e bí mo bá rí ẹni tó ń jìyà lábẹ́ rẹ̀.

Ní apá kẹfà, Jadzia fẹ́ Worf, Klingon tó ti di ọmọ ilé Martok. Sirella, ìyàwó Martok, ló gbọ́dọ̀ gbà á sílé, Sirella ò sì rí tirẹ̀ rò. Jadzia fárígá, ìgbéyàwó fẹ́ dàrú. Sisko ló lọ bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi lọ bẹ ìyá náà. Ìyàwó ilé wo nílẹ̀ Yorùbá ni kò mọ ọ̀nà yẹn?

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pa á. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí òun àti Worf bímọ, ó lọ sí ilé ìsìn àwọn Bajor, ibẹ̀ ni Dukat, Cardassia kan, ti pa á. Wọ́n rí Dax gbà là, wọn ò rí Jadzia gbà là. Bùbá ìyàwó kan wà lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà; ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè rán an.

Ní apá keje, Dax padà dé. Ezri ni báyìí, tí Nicole de Boer ṣe. Ezri ò múra sílẹ̀ rárá. Wọ́n ń gbé Dax lọ sílé, àárẹ̀ mú un lọ́nà, Ezri nìkan sì ni Trill tó wà nínú ọkọ̀. Ó jí, ó rí i pé ayé ẹni mẹ́jọ ti kún inú òun. Nígbà mìíràn kò mọ èyí tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu òun. Sisko gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó tún pè é ní Bàbá Arúgbó. Worf ní òun ò mọ̀ ọ́n, òun ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Mo bínú sí Worf gan-an. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ja ogun ní orúkọ aya rẹ̀ kí ẹ̀mí Jadzia lè wọ ọ̀run àwọn akọni, ó wá ń yẹra fún ọmọbìnrin tó rántí gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó sọ. Nígbà tó yá, mo rí i pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Bí ó bá rẹ́rìn-ín sí Ezri, a jẹ́ pé Jadzia kò tíì kú. Bí Jadzia ò bá kú, kí ló wá ń sunkún sí?

Àwọn Trill fúnra wọn ti rí ewu yìí, wọ́n sì ṣòfin sí i. Ẹni tó bá gba ẹ̀dá náà kò gbọdọ̀ padà sọ́dọ̀ ọkọ tàbí aya ayé àtijọ́, ẹni tó bá sì rú u, wọn á lé e kúrò nílùú. Abala "Rejoined" ti 1995, tí Avery Brooks fúnra rẹ̀ darí, dá lórí òfin yìí: ẹni méjì tó ti jẹ́ tọkọtaya nínú ayé kan tún pàdé, àwọn méjèèjì ti di obìnrin, ìfẹ́ náà ò sì kú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òfin náà, mo ní ìkà ni. Lẹ́yìn Ezri, mo rí ibi tó ti wá. Ẹni tó dé gbọ́dọ̀ ráyè gbé ayé tirẹ̀. Ní 1999, Ezri àti Worf sún mọ́ ara wọn díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n, wọ́n sì gbà pé Jadzia ni àwọn méjèèjì ń wá. Bashir, dókítà ibùdó, ni ọkàn Ezri wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Orúkọ ń roni. Tèmi ti ro mí dáadáa, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Ó ti jẹ́ kí n gbọ́ "ẹ káàárọ̀" lẹ́nu bàbá mi, ó sì ti gbé ẹ̀gbọ́n wọn dìde lórí eékún. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń jẹ́ Yétúndé tún ní oríkì tirẹ̀, kí ẹ máa fi pè é.

Ní ọdún tí bàbá mi lọ, mo rán bùbá àti ṣòkòtò fún wọn, mo gbé e lọ bá wọn lórí ibùsùn. Wọ́n yí apá rẹ̀ síta, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán náà láti abíyá dé ọrùn ọwọ́. Ó pẹ́ díẹ̀.

Wọ́n ní, "Màámi ò mọ aṣọ rán." Wọ́n tún tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Àjọkẹ́, ìwọ lo rán èyí."