Àtọ̀gbẹ àti Èrìgì

Orúkọ àìsàn yìí ti ṣàlàyé ara rẹ̀: kí ènìyàn máa tọ̀ títí ara á fi gbẹ. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ ṣọ́ àmì ohùn o: ìtọ̀ ni èyí tí à ń tọ̀, itọ́ sì ni omi ẹnu. Àtọ̀gbẹ kan méjèèjì. Bí ìtọ̀ ṣe ń pọ̀ ni ẹnu ń gbẹ, ṣúgà a sì máa wọ inú ìwọ̀nba itọ́ tó kù. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àrùn ń fẹ́.

Èrìgì ni ẹran ẹnu tó yí ìdí eyín ká. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ga fún ìgbà pípẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó ń bọ́ èrìgì á bàjẹ́, ara kò ní lè bá kòkòrò jà dáadáa mọ́, ọgbẹ́ kò sì ní tètè jinná. Èrìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, á sì máa ṣí kúrò lára eyín díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá yá, egungun tó gbé eyín dúró á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, eyín á sì máa mì. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ láìsí ìrora. Ọ̀pọ̀ wa ló ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́ tí a tu, tí a ń di ẹ̀bi ru búrọ́ṣì tàbí pákò.

Èyí tí a kì í sábà gbọ́ ni pé èrìgì náà ń ba ìtọ́jú àtọ̀gbẹ jẹ́. Èrìgì tó wú kì í jẹ́ kí insulin ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ní 2022, àjọ Cochrane ṣe àkójọ ìwádìí 35. Wọ́n rí i pé bí a bá fọ eyín àwọn aláàtọ̀gbẹ dé abẹ́ èrìgì, HbA1c wọn (ìwọ̀n ṣúgà bíi oṣù mẹ́ta) ń fi nǹkan bí 0.43 wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Bíi kí ẹni tó wà ní 8 bọ́ sí nǹkan bí 7.6 ni. Kò tó ohun tí ènìyàn á torí rẹ̀ pa oògùn tì, àmọ́ kò sí dókítà tó máa kọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, ní Íńgílándì, wọ́n ń yẹ ojú, ẹsẹ̀ àti kíndìnrín aláàtọ̀gbẹ wò déédéé. Ẹnu kò sí níbẹ̀. Ìwé tí aláìsàn fi ń gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì san owó dókítà eyín. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tẹ̀ lé òbí lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ béèrè nílé: “Mọ́mì, ṣé èrìgì yín máa ń ṣẹ̀jẹ̀? Ṣé eyín kankan ń mì?”

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, àárọ̀ ló dára jù. Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lo oògùn wọn bí wọ́n ṣe máa ń lò ó, kí ṣúgà má baà já wálẹ̀ lórí àga. Ẹ mú orúkọ gbogbo oògùn lọ, ti ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá, nítorí amlodipine àti nifedipine lè mú kí èrìgì hù bo eyín. Kí wọ́n má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra wọn. Dókítà tó kọ ọ́ ló lè pààrọ̀ rẹ̀.