Ẹ Mọ Onílé Kí Ẹ Tó Wọlé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá bàbá kan nílé kọ̀ǹpútà kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti san owó fọ́ọ̀mù iléèwé sórí ìkànnì tó ń jẹ́ orúkọ iléèwé náà, àṣé àwọn gbájúẹ̀ ló ni ín. "Bàbá àgbà, ẹ wò ó, orúkọ wọn ló wà lókè ibẹ̀." Bàbá, tó fi ọdún 30 pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì, mi orí. "Pátákó ara ògiri lo kà, ọmọ mi. Ǹjẹ́ o ka àdírẹ́sì?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé délé. Ìtàn àdírẹ́sì ìkànnì tí ayé mọ̀ kò gùn: ní 1983 ni Paul Mockapetris, ní Amẹ́ríkà, ṣètò bí a ṣe ń fi orúkọ olódọ́ọ̀tì wá kọ̀ǹpútà rí, ní 1990 ni Tim Berners-Lee, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní Switzerland, fi http:// síwájú rẹ̀, ní 1995, Nàìjíríà gba .ng.

Ìjà tó wà nídìí rẹ̀ ló yẹ ká gbọ́. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn, JANET. Orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń kọ ṣíwájú, iléèwé á tẹ̀lé e: Cambridge ń jẹ́ uk.ac.cam. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní rárá, kékeré ni kó ṣíwájú: cam.ac.uk. Ẹnu wọn kò kò. Ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ń jẹ́ cs, ẹ̀yìn pátápátá ló sì ń wà lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀, .cs ni àmì orílẹ̀-èdè Czechoslovakia nígbà náà. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tó yẹ kó lọ sí ẹ̀yìnkùlé lè dorí kọ Prague! Nígbà tó yá, Gẹ̀ẹ́sì gbà fún Amẹ́ríkà.

Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá, ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sọ̀rọ̀ bí ọmọ Yorùbá. Bí a bá bi èèyàn níbi tó ti wá, á ní, "Ìbàdàn ni mí, ní Òjé," kó tó dárúkọ agboolé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn lẹ́tà, orúkọ ẹni ló ń ṣíwájú, ìlú ló ń kẹ́yìn.

Berners-Lee pa méjèèjì pọ̀. Kí ìlà / àkọ́kọ́ lẹ́yìn // tó dé, kékeré ló ń ṣíwájú ńlá. Lẹ́yìn rẹ̀, ńlá ló ń ṣíwájú kékeré. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé ì bá wu òun kí gbogbo rẹ̀ gba ọ̀nà kan, ó sì gbà ní 2009 pé // tó wà níwájú kò pọn dandan.

Oríta tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé yìí ni àwọn gbájúẹ̀ ń ba sí. Ẹ wo ileewe.edu.ng.example.com/foomu. Ẹni tó ń kánjú á rí edu.ng, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó fara ti ìlà / ni onílé: example.com. Ìyókù tó ṣíwájú, yàrá tí onílé sọ lórúkọ tó wù ú ni. Àkọlé ńkọ́? Ẹni tó ṣe ojú ewé náà ló kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, inú bébà la ti ń wo àdírẹ́sì, a ó sì tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Oníredíò á pè é láti "dọ́bù-dọ́bù-dọ́bù" títí dé dọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn. Ní báyìí, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ la kàn ń tẹ̀, fóònù sì ń gé àdírẹ́sì kúrú. Mo gbà pé ibẹ̀ ni àṣà kíkà rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wa, inú mi kò sì dùn sí i.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín. Kí owó tó jáde, kí wọ́n fọwọ́ kan àdírẹ́sì lókè, kí wọ́n wá ìlà / àkọ́kọ́ lẹ́yìn //, kí wọ́n sì ka orúkọ tó fara tì í láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Ẹni tó ni orúkọ yẹn ló nilé.