“Níbo Lò Ń Lọ? Ìgbà Wo Lo Máa Dé?”: Ìrìn Àjò Nínú Àfonífojì Aginjù Utah

Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà nílẹ̀ Amẹ́ríkà yìí tí kò mọ ìbéèrè mẹ́ta yìí: Níbo lò ń lọ? Ta lẹ jọ ń lọ? Ìgbà wo lo máa dé? Àwọn ọ̀dọ́ wa a máa mí kanlẹ̀ bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, torí lójú tiwọn, ńṣe ni bàbá àti ìyá kò fọkàn tán wọn. Àmọ́ ibì kan wà ní ìpínlẹ̀ Utah tó jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ ìjọba ló máa bi yín ní ìbéèrè kan náà, tó sì máa kọ ìdáhùn yín sílẹ̀ kó tó fún yín níwèé àṣẹ láti sun ibẹ̀. The Maze lorúkọ ibẹ̀.

Inú ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Canyonlands ló wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1964. Odò méjì, Green River àti Colorado River, pàdé láàárín ọgbà náà, wọ́n sì pín ilẹ̀ rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta. Apá ìwọ̀ oòrùn ni Maze. Àpáta iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, pupa lórí funfun, funfun lórí pupa. Omi òjò ti ń gbẹ́ àpáta yìí láti ayébáyé, títí ó fi di àìmọye àfonífojì tóóró tó já síra wọn. Canyon ni òyìnbó ń pè é: ògiri àpáta lọ́tùn-ún, ògiri àpáta lósì, ojú ọ̀run tín-ín-rín lókè. Ẹ rìn díẹ̀, ọ̀nà á pín sí méjì. Ẹ ya apá ọ̀tún, á tún pín. Bí ẹ bá wá yíjú padà láti máa bọ̀, ẹ máa rí i pé ibi tí ẹ gbà kọjá kò jọ ohun tí ẹ rí nígbà tí ẹ ń lọ, torí ẹ̀yìn àpáta kì í jọ iwájú rẹ̀.

“Abéèrè kì í ṣìnà,” làwọn àgbà wa wí. Òótọ́ ni, níbi tí èèyàn bá wà. Nínú Maze, ẹ lè rìn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ẹ má rí ẹni tí ẹ máa bi.

Ibẹ̀ ò rọrùn dé rárá. Láti ìlú Green River, wákàtí méjì àbọ̀ ni ẹ máa wakọ̀ kí ẹ tó dé Hans Flat, níbi tí ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ wà, nǹkan bíi máìlì 46 tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ ọ̀nà eléruku. Láti Hans Flat, ó tún ku wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà nínú jíìpù gíga tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà, kí ẹ tó dé ibi tí àfonífojì ti bẹ̀rẹ̀. Kò sílé epo níbẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sì retí pé fóònù máa mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá lọ kì í fi í sábà lò dín ní ọjọ́ mẹ́ta. Ní nǹkan bí ọdún 1890 sí 1900, àwọn olè bíi Butch Cassidy àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sá lọ sí Robbers Roost nítòsí ibẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ọlọ́pàá kò ní lè tẹ̀ lé wọn.

Mo mọ̀ pé ìyá kan ti ń sọ níbi tó ti ń ka èyí pé, “Kí ló wá sọ nù sí ọmọ mi níbẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé ẹwà ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ní Horseshoe Canyon, tó jẹ́ apá kan ọgbà náà, àwòrán wà lára àpáta tí wọ́n ń pè ní Great Gallery. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà ló yà á, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí òyìnbó kankan tó débẹ̀: àwọn èèyàn gàgàrà tí kò lápá, tí òmíràn nínú wọn ga ju ọkùnrin lọ, wọ́n kàn dúró tí wọ́n ń wò yín. Tí ilẹ̀ bá sì ṣú, kò sí iná mànàmáná kankan tó máa dí ìràwọ̀ lójú. Gbogbo wa la ti ń ka ọ̀rọ̀ aginjù nínú Bíbélì láti kékeré, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló ti gbọ́ bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ aginjù ṣe máa ń rí.

Ìdí kejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Àwọn ọmọ wa ti ń lọ. Ọmọ tó bá wà ní yunifásítì ní Denver tàbí Salt Lake City, lọ́jọ́ kan àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á pè é pé kó káàpá síbi ìrìn. Bó bá ti mọ̀ pé “O ò ní lọ” nìkan ni ìdáhùn tí òun máa gbọ́ nílé, ó lè lọ láìsọ. Lójú tèmi, ìyẹn ló burú jù nínú ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Aron Ralston

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti wo fíìmù rẹ̀, 127 Hours, tó jáde lọ́dún 2010. Ẹni ọdún 27 ni nígbà náà, ìpínlẹ̀ Colorado ló ń gbé, ó sì mọ òkè gùn dáadáa. Ní April 26, 2003, òun nìkan wọ Bluejohn Canyon, tí kò jìnnà sí Horseshoe Canyon. Kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tóóró kan, àpáta ńlá kan tí wọ́n díwọ̀n sí nǹkan bí 800 pọ́n-ùn yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì há ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ara ògiri.

Ọjọ́ márùn-ún ló fi dúró síbẹ̀. Omi rẹ̀ tán. Nígbà tí kò dé ibi iṣẹ́, ìyá rẹ̀ àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí wọ́n máa kọ́kọ́ wò gan-an, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ní May 1, ó fi ọ̀bẹ kékeré tí kò mú gé ọwọ́ náà, ó fi okùn sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta kan tó ga ju 60 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìdílé kan tó wá ṣe fàájì láti orílẹ̀-èdè Netherlands ló pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni hẹlikópítà tó ń wá a dé, torí wọ́n ti rí ọkọ̀ rẹ̀ níbi tó gbé e sí.

Àwọn èèyàn máa ń yìn ín fún ìgboyà rẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ ẹ fi ojú ìyá rẹ̀ wò ó. Gbogbo ọjọ́ tó fi ń pe orí fóònù káàkiri, ohun tó ń wá kò ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ: “Bluejohn Canyon ni mò ń lọ, mo máa dé lọ́jọ́ báyìí.” Ká ní ẹnì kan ní gbólóhùn yẹn lọ́wọ́, wọn ì bá ti mọ ibi tí wọ́n máa wá a sí.

Omi tí kò sí, àti omi tó dé lójijì

Òjò tó ń rọ̀ ní Canyonlands lọ́dún kan kì í tó ínǹṣì mẹ́wàá. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ooru máa ń kọjá 100 ní Fahrenheit, ìyẹn 38 ní Celsius. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ débi pé òógùn máa ń gbẹ kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ń làágùn, èyí sì ń tan àwa tí ìlú tó lọ́rinrin mọ́ lára jẹ, torí a gbà pé ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò tutù kò tíì rẹ̀. Ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kí olúkúlùkù máa mu lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dín ní gálọ́ọ̀nù kan, bíi lítà mẹ́rin. Lítà mẹ́rin wúwo tó kílò mẹ́rin. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kílò 12 nìyẹn, ká má tíì ka oúnjẹ àti aṣọ òtútù. Orísun omi wà nínú àwọn àfonífojì kan, ṣùgbọ́n ó lè gbẹ, ẹ sì gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ tàbí kí ẹ sè é kí ẹ tó mu ún. Omi nìkan kò sì tó, òógùn ń kó iyọ̀ lọ pẹ̀lú. Ẹ̀pà oníyọ̀, kúlíkúlí àti ẹran gbígbẹ dáa fún irú ìrìn yìí. Ẹni tó bá ní gàrí lòun máa gbé, kó rántí pé gàrí náà á béèrè omi tiẹ̀.

“Omi kò lọ́tàá” la máa ń wí. Nínú canyon, omi tí òùngbẹ rẹ̀ ń gbẹ yín yìí náà ló ń pa èèyàn. Ní August 12, 1997, àwọn arìnrìn-àjò wà nínú Lower Antelope Canyon, lórí ilẹ̀ àwọn Navajo ní Arizona. Òjò ńlá rọ̀ níbi tó jìnnà sí wọn ní ọ̀pọ̀ máìlì. Àgbàrá rẹ̀ dé bá wọn nínú canyon, èèyàn 11 ló kú, ẹni tó ń ṣamọ̀nà wọn nìkan ló yè.

Báwo ni òjò ọ̀nà jíjìn ṣe lè pa ẹni tí kò tutù? Ẹ rántí òrùlé páànù. Bí òjò bá rọ̀ sórí páànù, kò sí ẹ̀kán tó máa wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa ṣàn wá síbi ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Páànù ni ilẹ̀ àpáta tó yí àwọn canyon ká, fífẹ̀ rẹ̀ lè tó ọ̀pọ̀ máìlì, canyon tí ẹ wà nínú rẹ̀ sì ni ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Omi tó bá wọ ibi tí kò fẹ̀ ju èjìká èèyàn lọ kò ní ibòmíì tó máa gbà ju kó ga sókè lọ, ó sì máa ń gbé òkúta àti ìtì igi wá.

Ní September 14, 2015, èèyàn méje kú sí Keyhole Canyon ní ọgbà Zion, ní Utah kan náà. Wọ́n ti gba ìwé àṣẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwé àṣẹ ni ìdáàbòbò. Láti July títí wọ September ni òjò àrá máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ fún gbogbo àgbègbè tí omi ti ń ṣàn wá, kì í ṣe fún ibi tí ẹ wà nìkan. Ẹ má pàgọ́ sójú ìṣàn gbígbẹ, bó ti wù kí iyanrìn ibẹ̀ tẹ́jú tó. Bí omi tó mọ́ bá ṣàdédé di ẹrẹ̀, tàbí tí ẹ gbọ́ ariwo bíi ti ọkọ̀ ojú irin, ẹ ju báàgì sílẹ̀ kí ẹ gun òkè.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀nà

Kò sí pátákó ojú ọ̀nà púpọ̀. Òkìtì òkúta kéékèèké tí wọ́n tò léra ni ẹ máa wò láti ìkan dé ìkan. Ẹ má wó o, ẹ má sì to tiyín síbẹ̀ fún eré, torí òkìtì tí kò sí níbi tó yẹ lè ṣi ẹlòmíì lọ́nà. Ẹ̀rọ atọ́nà inú ọkọ̀ ti darí ọ̀pọ̀ èèyàn síbi tí kò lọ́nà ní Canyonlands, àwọn ẹ̀ṣọ́ fúnra wọn ló ń kìlọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ ra máàpù oníwèé. Ní gbogbo oríta, ẹ dúró, ẹ wẹ̀yìn, kí ẹ sì ya fọ́tò ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí nígbà tí ẹ bá ń padà. Bí ọ̀nà bá sọ nù mọ́ yín lójú, ẹ wá ibòji jókòó. Ẹni tó jókòó rọrùn láti rí ju ẹni tó ń sáré káàkiri lọ.

Ẹ sì ṣọ́ ibi tí ẹ ń tẹ̀. Ilẹ̀ dúdú gbágungbàgun tí ẹ máa rí láàárín iyanrìn, ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín ló so ó pọ̀. Ìṣísẹ̀ kan lè bà á jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mi ò ní gba ìdílé kankan níyànjú pé kí wọ́n fi Maze bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀nà ibẹ̀ kan ga débi pé okùn lẹ máa fi sọ báàgì kalẹ̀. Ìrìn Horseshoe Canyon láti lọ wo Great Gallery jẹ́ máìlì méje ní àlọ àti àbọ̀, ó sì tó fún ọjọ́ kan fún ọmọ tó ti lé ní ọdún 12. Little Wild Horse Canyon, nítòsí Goblin Valley, dáa fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ibi tóóró ṣe rí, bí ojú ọ̀run bá ti mọ́. April, May, ìparí September àti October ni oṣù tó tura jù.

Kí ọmọ tó jáde nílé, kí ó fi ìwé kan sílẹ̀: orúkọ canyon, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé àti èyí tí wọ́n máa gbà jáde, orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ lọ, nọ́ńbà ọkọ̀, àti wákàtí tí ẹ máa pe ọ́fíìsì sheriff bí ẹ kò bá gbúròó. Wákàtí yẹn ṣe pàtàkì fún ẹ̀yin òbí náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wo ibi tí ọmọ wà lórí fóònù láràárọ̀, ọjọ́ mẹ́ta láìgbọ́ nǹkan kan á sì dà bí ọdún mẹ́ta. Kó tó di wákàtí tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ẹ ní sùúrù. Tó bá ti kọjá, ẹ má dúró dọ̀la. Ìdílé tó bá lágbára lè ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́, àmọ́ bátìrì rẹ̀ lè kú, ìwé tó wà lórí tábìlì kì í kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá jáde tí fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà, ẹ pe ẹni tí ìwé yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi fọ́tò kankan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá gbàgbé, hẹlikópítà lè gbéra láti wá ẹni tó ti ń jẹ búrẹ́dì nílé oúnjẹ ní Green River.