Sáàmù ní ọjọ́ ogun: bí àdúrà ìdáàbòbò àwọn Júù ṣe dé ilé àdúrà Yorùbá

Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti ya wọ ilé ìjọsìn Christ Apostolic Church, Òkè Ìṣẹ́gun, ní ìlú Èrúkù ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, Ìpínlẹ̀ Kwara, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ni ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu àwọn ará Ìgbómìnà àti Èkìtì Kwara, kò sì tíì kúrò níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba kéde ìtúsílẹ̀ àwọn olùjọsìn 38 tí wọ́n jí gbé ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e. Wọ́n ń gbé ìsìn náà sáfẹ́fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, nítorí náà kò sí ẹni tó nílò kí a tún ìtàn rẹ̀ sọ. Àwọn kan ń béèrè ìdí tí ìjọ fi kó ara wọn jọ láti gbàdúrà ní àgbègbè tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àwọn ajínigbé ti ń rìn fàlàlà. Àwọn mìíràn ń dáhùn pé níbi tí ọlọ́pàá kì í ti í tètè dé, tí owó ìtúsílẹ̀ sì ti sọ ìdílé púpọ̀ di onígbèsè, àdúrà nìkan ni ẹ̀ṣọ́ tí kì í béèrè owó epo kó tó jáde. Ìhà méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àdúrà àti ìṣọ́ jẹ́ ọ̀tá ara wọn, èyí sì ni ibi tí ìtàn sáàmù ìdáàbòbò, tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn Júù ló ti wá, ti lè là wọ́n lóye.

Sáàmù 91 ni ọ̀pọ̀ Kristẹni Yorùbá máa ń kà kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n tó wọkọ̀, àti ní òru ìṣọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kan náà ni sáàmù náà ń ṣe kí ìjọ Kristẹni kankan tó wà láyé tàbí ní àkókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ihò àpáta kọkànlá ní Qumran, létí Òkun Òkú, a rí àjákù ìwé kíká kan tó ti tó nǹkan bí ẹgbàá ọdún, níbi tí wọ́n ti kọ sáàmù yìí mọ́ àwọn orin tí wọ́n fi ń lé ẹ̀mí èṣù jáde. Talmud, ìyẹn àkójọ àríyànjiyàn àti ìdájọ́ àwọn olùkọ́ òfin Júù àtijọ́, fún un ní orúkọ tó túmọ̀ sí orin tí a ń kọ nítorí àwọn ohun tí ń kọlu ènìyàn. Níbẹ̀ kan náà ni a ti rí ìbéèrè kan tó yẹ kí àwọn Aládùúrà òde òní jókòó lé lórí dáadáa. Rábì Joshua ben Levi, olùkọ́ pàtàkì ní ọ̀rúndún kẹta, a máa ka sáàmù náà bí ó bá fẹ́ sùn. Bẹ́ẹ̀ òun kan náà ni wọ́n gbà pé ó sọ pé èèwọ̀ ni kí ènìyàn máa fi ọ̀rọ̀ inú Ìwé Òfin wo àìsàn. Báwo ni méjèèjì ṣe lè bára mu? Ìdáhùn tí Talmud fún un kúrú: ìdáàbòbò yàtọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn amòfin tó dé lẹ́yìn dì mú. Moses Maimonides, ẹni tó kú ní ọdún 1204, tó jẹ́ amòfin àgbà, tó sì tún jẹ́ oníṣègùn ní ààfin ní Íjíbítì, kọ ọ́ pé ẹni tó bá ń ka ẹsẹ Ìwé Mímọ́ lé ojú egbò lórí kí egbò náà lè san ti ṣẹ̀, nítorí ó sọ ọ̀rọ̀ tó wà fún ìwòsàn ọkàn di oògùn ara. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le, tó ń ka sáàmù kí ìtóye ìwé kíkà náà lè ṣọ́ ọ kúrò lọ́wọ́ ewu, kò ṣẹ̀ rárá. Ẹni tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nígbà tó ṣì ń ṣe ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó fi sáàmù rọ́pò egbòogi ti gba iṣẹ́ oníṣègùn lọ́wọ́ oníṣègùn. Kò sí ẹ̀rí pé gbogbo Júù tẹ̀ lé òfin yìí, kódà ẹ̀rí wà pé ọ̀pọ̀ kò tẹ̀ lé e, nítorí pé láàrin wọn náà ni ìwé tí ń jẹ́ Shimmush Tehillim, ìyẹn ìlò sáàmù, ti jáde ní sànmánì àárín, tó sì ń sọ iṣẹ́ tí sáàmù kọ̀ọ̀kan lè ṣe.

Ó yẹ kí a wo ìwé náà ní tòsí. Fún ẹni tí orí ń fọ́ tàbí tí ẹ̀yìn ń dùn, ìwé náà ní kí ó ka Sáàmù 3 sí òróró ólífì díẹ̀, kí ó sì fi òróró náà pa ibi tó ń dùn ún. Fún ẹni tí ewu wà níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ kan, ó ní kí ó po òróró òdòdó róòsì, omi àti iyọ̀ pọ̀ nínú àwo, kí ó ka Sáàmù 20 sí i lẹ́ẹ̀méje ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú orúkọ mímọ́ kan, kí ó fi pa ojú àti ọwọ́, kí ó sì wọ́n ọn sí aṣọ. Ẹni tó bá ti wọ ilé àdúrà aláṣọ funfun rí ní Òmù-Àrán tàbí ní Ìbàdàn yóò rò pé wòlíì àdúgbò òun ló kọ ìlànà yìí.

Ọ̀nà tí ìwé náà gbà dé ilẹ̀ wa kò ṣókùnkùn pátápátá. Godfrey Selig, olùkọ́ èdè Hébérù ní ìlú Leipzig, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì ní ọdún 1788. Ní ọdún 1849, òǹtẹ̀wé kan ní Stuttgart fi í kún àkójọ ìwé awo tí wọ́n ń pè ní Ìwé Kẹfà àti Ìkeje ti Mósè. Àkójọ náà di Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di ayé ìjọba amúnisìn, àwọn olùtàwé bíi de Laurence ní Chicago ń fi ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú lẹ́tà. Josiah Ositelu, tó dá Church of the Lord sílẹ̀ ní Ògèrè Rẹ́mọ ní ọdún 1930, fi ìwé kékeré kan síta lórí àdúrà àti agbára sáàmù, Ọ̀jọ̀gbọ́n David Tuesday Adamo sì ti kọ̀wé púpọ̀ lórí bí àwọn ìjọ Aládùúrà ṣe ń lo sáàmù fún ìdáàbòbò, ìwòsàn àti àṣeyọrí. Síbẹ̀, ó dà bí ẹni pé àsọdùn ni láti sọ pé ìwé tó gba orí omi wá ló kọ́ Yorùbá ní èyí. Àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ ọfọ̀ àti àyájọ́, tí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a bá pè bó ṣe yẹ máa ń ṣiṣẹ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé sáàmù fún wọn pẹ́ títí. Ó ṣeé ṣe kí ìwé náà kàn fún wọn ní nọ́ńbà àti ètò.

Ogun àti àìgbẹ́kẹ̀lé ìjọba ló mú kí àwọn ìjọ wọ̀nyí tètè gbilẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, Garrick Sokari Braide, oníwàásù ará Kalabari tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń pè ní Èlíjà Kejì, ń gbàdúrà fún aláìsàn, ó sì ń kọ̀ fún àwọn ènìyàn láti mutí, débi pé owó ibodè tí ìjọba ń rí lórí ọtí òyìnbó lọ sílẹ̀. Ní ọdún 1916, wọ́n mú un sẹ́wọ̀n, nítorí ìjọba tó wà lójú ogun kò fara mọ́ aláwọ̀ dúdú tí ogunlọ́gọ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Kí ogun náà tó parí ní oṣù Kọkànlá ọdún 1918 ni àrùn tí Yorùbá pè ní lùkúlùkú ti gba èbúté Èkó wọlé. Àwọn wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé kiri láti wá aláìsàn jáde, ẹ̀rù ba àwọn ará ìlú, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò ní Èkó lọ sí ìgbèríko, tí wọ́n gbé àrùn náà dání. Oníṣègùn òyìnbó kò ní oògùn tó lè wò ó. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan tí Joseph Shadare jẹ́ olórí wọn bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àdúrà, Sophia Odunlami, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́, sì sọ pé Ọlọ́run fi hàn án pé kí àwọn aláìsàn lo omi òjò, kí wọ́n sì pa gbogbo oògùn tì. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n wá kúrò nínú ìjọ àwọn míṣọ́nnárì ní ọdún 1922, tí wọ́n sì so ara wọn mọ́ ìjọ Faith Tabernacle ní Philadelphia.

Ìgbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá dé ni ọ̀rọ̀ náà kan ilé. Ọmọ Odò-Ọwá ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ tó bá ilẹ̀ Ìgbómìnà pààlà. Wọ́n bí i ní ọdún 1904, ó ń wa katakata tí ń tẹ ọ̀nà fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde nígbà tó gbọ́ ìpè ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, ìsọjí tó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òkè Ooye, Iléṣà, ní ọdún 1930 kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ yí omi àdúrà ká. Àwọn aláṣẹ ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ní ọdún 1932 sì ni wọ́n fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin lórí ẹ̀sùn tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ìjọ tó ti ọwọ́ ìsọjí yẹn jáde ni Christ Apostolic Church, ìyẹn ìjọ tí wọ́n kọlù ní Èrúkù. Nítorí náà, bí ọmọ ìjọ náà bá ń fura sí ìjọba, ìfura ọ̀hún ti dàgbà ju ìjọba olómìnira Nàìjíríà lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun gbogbo ni àwọn Aládùúrà gbà wọlé. Ní ọdún 1931 ni àwọn olórí Faith Tabernacle ní Nàìjíríà ya ara wọn kúrò lọ́dọ̀ Ositelu, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn wọn sì ni àwọn orúkọ mímọ́ àti èdìdì àjèjì tó ń lò nínú àdúrà. Láìmọ̀, wọ́n ń jà lórí ohun tí Talmud ti jà lé lórí: ibi tí ẹ̀bẹ̀ ti parí tí oògùn sì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn Júù ni pé ìwòsàn gan-an, tí Maimonides fi sílẹ̀ fún oníṣègùn, ni wọ́n fi lé àdúrà lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe láti lóye ìdí, nítorí pé lọ́dún lùkúlùkú kò sí oníṣègùn tó ní nǹkan lọ́wọ́.

Ní Ísírẹ́lì lónìí, ìjà náà ti gba apá mìíràn. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, nígbà tí Hamas pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn tí wọ́n sì kó 251 lọ, ni àwọn Júù káàkiri ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín sáàmù 150 mọ́ra wọn lọ́wọ́ lórí WhatsApp, kí a lè ka gbogbo rẹ̀ tán lójoojúmọ́ nítorí àwọn ìgbèkùn àti àwọn ọmọ ogun. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Haredi, ìyẹn àwọn Júù tí wọ́n di ẹ̀sìn mú ṣinṣin jù lọ, gbà pé ìwé tí àwọn ọmọ wọn ń kà ní ilé-ẹ̀kọ́ Tórà ń dáàbò bo orílẹ̀-èdè bíi ti ọmọ ogun, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá wọ iṣẹ́ ológun, yóò padà wálé láìní ẹ̀sìn. Nǹkan bí 400 akẹ́kọ̀ọ́ Tórà ni David Ben-Gurion, olórí ìjọba Ísírẹ́lì àkọ́kọ́, yọ̀ǹda kúrò nínú iṣẹ́ ológun ní ọdún 1948. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ wọn fi ẹnu kò ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2024 pé òfin kò fàyè gba ìyọ̀ǹda náà mọ́, àwọn tó kàn ti lé ní 60,000. Àwọn òbí tí ọmọ wọn wà lójú ogun kò lè gbọ́ àlàyé àwọn Haredi yìí kí inú má bí wọn, kò sì sí ohun tó burú nínú ìbínú wọn.

Ẹ̀sìn Júù fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rí tó lágbára lórí èyí. Ìwé Mákábì Kìíní ròyìn pé, ní nǹkan bí ọdún 167 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn olùfọkànsìn tí wọ́n sá pamọ́ sínú aginjù kọ̀ láti gbèjà ara wọn ní ọjọ́ Sábáàtì, àwọn ọ̀tá sì pa nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn. Àlùfáà Mattathias àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣọ̀fọ̀ wọn, wọn kò pè wọ́n ní òmùgọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pinnu pé bí ọ̀tá bá tún dé ní Sábáàtì, àwọn yóò jà. Láti inú irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ni òfin pé ẹ̀mí ènìyàn ju Sábáàtì lọ ti fìdí múlẹ̀, òun náà ló sì jẹ́ kí àwọn Júù olùfọkànsìn jáde kúrò nínú sínágọ́gù ní òwúrọ̀ Sábáàtì ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, kí wọ́n wọ ọkọ̀, kí wọ́n sì gba ojú ogun lọ. Ní àwọn abúlé etí Gásà lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ogun pẹ́ kí wọ́n tó dé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ abúlé, tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́, ló kọ́kọ́ dìde.

Ìyẹn gan-an ni ipò gúúsù Kwara. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, àwọn ọdẹ àti fijilanté tí ń ṣọ́ igbó ní ilẹ̀ Ìgbómìnà mọ èyí dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í jáde láìgbàdúrà. Ó jọ pé ẹni tó ń fi Èrúkù bú àwọn tó ń gbàdúrà ti ṣi ẹ̀sùn gbé, nítorí pé kì í ṣe olùjọsìn ló yẹ kí ó ṣọ́ ẹnu-ibodè Kwara àti Kogi. Ṣùgbọ́n ìfura tó mú kí ìjọ kọ̀ láti kọ orúkọ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá kó tó ṣe ìṣọ́ òru, tàbí kó má fi ọdẹ sí ẹnu ọ̀nà nítorí pé a ti ka Sáàmù 91, jẹ́ ìfura tí Rábì Joshua ben Levi kò ní fara mọ́.

Lẹ́yìn ìkọlù náà, wọ́n ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pa ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bíi Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Ifẹ́lódùn àti Èkìtì. Ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní ọdún 2020 kò kan Kwara, tí wọ́n kà mọ́ Àárín Gbùngbùn Àríwá, bẹ́ẹ̀ ni abala 214 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kò fàyè gba ọlọ́pàá mìíràn yàtọ̀ sí ti ìjọba àpapọ̀. Kí a tó lè tún abala yẹn ṣe, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lẹ́yìn ti Àbújá. Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, owó tí ìlú dá ni wọn yóò máa fi bọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà láti Òmù-Àrán dé Èrúkù, ìbọn ṣakabùlà ni yóò sì wà lọ́wọ́ wọn láti fi kojú àwọn tó gbé AK-47.