Ọ̀fun Dídùn Tí Kì í Ṣe Ti Ọyẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa àti ẹ̀yin ìyá ilé, bí ọyẹ́ bá dé sí Jos, ilé wo ni wọn kì í ti í wúkọ́? Eruku a máa gbẹ imú títí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀, ọ̀fun a sì máa ta ni bí ẹni gbé eegun ẹja mì. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ìsinmi sábà máa ń tó fún èyí. Ṣùgbọ́n àìsàn apànìyàn kan wà tí ó máa ń fi ọ̀fun dídùn bẹ̀rẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an ni ó sì máa ń jà jù. Ibà Lassa ni.

Jos wà nínú ìtàn rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì òyìnbó tí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lassa ní ìhà Borno, ń kérora ẹ̀yìn ríro àti ọ̀fun dídùn. Wọ́n rí egbò ní ọ̀fun rẹ̀. Oògùn kò ràn án. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e wá sí Jos, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ṣú bá a. Charlotte Shaw tí ó tọ́jú rẹ̀ níbí, tí ó ní ọgbẹ́ kékeré ní ìka, kú ní oṣù kejì. Ẹnì kẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n gbé lọ sí New York, ó sì yè. Ní Yale, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti rí kòkòrò àrùn náà. Ní 1970 ó tún jà ní Jos, ó sì pa dókítà Jeanette Troup. Bí ó bá rú nọ́ọ̀sì àti dókítà lójú, kí ni ti àwa?

Ojú lásán kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ibà ẹ̀fọn tàbí tàífọ́ọ̀dù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ibà bá ń ga sí i díẹ̀díẹ̀, tí ọ̀fun ń dùn pẹ̀lú àárín àyà, tí oògùn ibà ọjọ́ méjì mẹ́ta kò sì ṣe nǹkan kan, ẹ má dúró kí ojú wú tàbí kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde ní èrìgì. Oògùn rẹ̀, ribavirin, ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́fà tó pé.

Ẹ má sì gbé ọmọ tọ wánzámì pé kó gé bélúbèlú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é. Abẹ rẹ̀ lè ran àrùn, ẹ̀jẹ̀ sì lè kọ̀ láti dá. Bí ohun bí awọ eérú bá lẹ̀ mọ́ ọ̀fun ọmọ, tí ọrùn sì wú, difitéríà lè ni, èyí tí ó ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní Nàìjíríà láti 2022. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò rẹ̀.

Eku ni ó ń gbé ibà Lassa wọlé, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìdérí bo gàrí àti àgbàdo, ẹ má sá oúnjẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀, oògùn tí ẹ ti lò, àti bóyá eku wà nínú abà yín.