Ṣé lóòótọ́ ni gaàrí máa ń ba ojú jẹ́? Ọ̀rọ̀ nípa ìbora iṣan wa

Láti Ifákọ̀ níbí, níbi tí gaàrí àti ẹ̀pà ti ń gba ọ̀pọ̀ wa sílẹ̀ tí oṣù bá ti ń parí lọ, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń sọ la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Wọ́n ní àmujù gaàrí máa ń ba ojú jẹ́. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n kàn fi ń dẹ́rù bà wá ni?

Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ nǹkan kan tó ń jẹ́ máyẹ́lìn. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, iṣan ìmọ̀lára ló ń gbé ìròyìn náà lọ sí ọpọlọ, iṣan ló sì ń gbé àṣẹ wá sọ́wọ́ pé kẹ́ ẹ yọ ọ́. Iṣan yìí dà bíi wáyà tín-ín-rín. Máyẹ́lìn ni ìbora tó wà lára rẹ̀, ọ̀rá ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ló ń ṣe é: wọ́n á máa fi ara wọn wé wáyà náà léraléra, bí onídìrí ṣe ń fi òwú wé irun kíkó. Iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí wa, nínú ọpọlọ kì í sì í parí títí èèyàn á fi lé ní ọmọ ogún ọdún.

Àmọ́ wọn kì í wé e láìdáwọ́ dúró. Àlàfo kékeré máa ń wà láàárín ìbora kan sí èkejì, ibẹ̀ sì ni ìròyìn ti ń gba agbára tuntun. Ẹ ro ti dáńfó tó ń ti Mile 12 lọ sí CMS, tó ń dúró fún gbogbo ẹni tó bá nawọ́. Ti BRT yàtọ̀: ibùdókọ̀ tiẹ̀ nìkan ló mọ̀. Iṣan tí kò ní máyẹ́lìn ni dáńfó. Ìròyìn inú ẹ̀ lè má rìn ju nǹkan bíi mítà kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú iṣan tí máyẹ́lìn ẹ̀ nípọn dáadáa, ó lè dé mítà 120.

Tí máyẹ́lìn bá wá bó ńkọ́? Ìròyìn á pẹ́, á dàrú, tàbí kó má dé rárá. Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, torí iṣan ibẹ̀ ló gùn jù.

Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn rí nìyẹn ní àwọn ọdún 1960, lára àwọn èèyàn kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti agbègbè rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń kú, ìrìn wọn ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ojú àwọn kan ń ṣú, etí àwọn mìíràn ń di. Nígbà tí wọ́n fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wo iṣan àwọn aláìsàn náà, máyẹ́lìn ti bó níbì kan níbì kan. Ọ̀ṣúntókun tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1968. Ó ní ẹ̀gẹ́ ló fà á: oúnjẹ wọn ò ju ẹ̀gẹ́ lọ, májèlé sáyánáìdì sì máa ń wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn ò bá ṣe dáadáa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Òṣòsà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000, nǹkan bí èèyàn 6 nínú 100 ló ṣì ní àìsàn náà, àwọn ìyá àgbà ló sì pọ̀ jù. Nígbà tí Olúṣẹ́gun Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wo bí sáyánáìdì ṣe pọ̀ tó lára àwọn èèyàn, kò bá bí àìsàn náà ṣe pọ̀ tó mu.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kì í ṣe àlọ́. Àìsàn gidi wà nílẹ̀. Àmọ́ ife gaàrí kan kọ́ ló ń fọ́ ojú. Ẹ jẹ gaàrí tí wọ́n jẹ́ kó kan dáadáa kí wọ́n tó yan án, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin kún oúnjẹ yín. Ara ń lo èròjà inú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ láti fi pa agbára sáyánáìdì. Bákan náà, ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló ní fítámì B12. Tí B12 bá wọ́n lára, máyẹ́lìn á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé: máyẹ́lìn lè padà hù. Tí wọ́n bá tètè mú ohun tó ń bà á jẹ́ kúrò, sẹ́ẹ̀lì á tún un wé. Àmọ́ tí wáyà fúnra ẹ̀ bá ti kú, àtúnṣe á ṣòro. Torí náà, tí ẹsẹ̀ bá ń kú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ má kàn máa mu àgbo tàbí kẹ́ ẹ máa gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì. Ẹ lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ṣúgà àti B12 yín wò. Tí àìlágbára bá sì ti ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó ń gòkè láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, torí ó lè jẹ́ Guillain-Barré, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ti ń bá iṣan jà, ó sì lè dé ibi èémí.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń sọ pé ẹsẹ̀ òun ń kú. Ó dàbọ̀ ná.